Bí A Ṣe Ń Ka Fọ́tò Aṣọ: Ìtọ́sọ́nà fún Télọ̀, Onífọ́tò àti Ẹni Tó Fẹ́ràn Oge

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, bí Ojúde Ọba bá ti ń parí ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò á ti kún inú fóònù gbogbo wa. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, nínú aṣọ ẹgbẹ́, àwọn ọmọ Balógun lórí ẹṣin, gèlè, agbádá, iyùn. Lábẹ́ gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ kan náà là ń kọ: "Ó dára", "Ẹ kú oge", "Àṣà wa ò ní parun". Oríyìn ni, mi ò sì kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n télọ̀ ni mí. Ẹ̀bá ọjà Òkè-Ajé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, fọ́tò sì ni àwọn oníbàárà mi tó wà l'Ékòó àti lókè òkun fi ń mọ ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe. Mo ti rí aṣọ tó gbà mí lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí fọ́tò kan ṣoṣo bà jẹ́ lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Mo sì ti rí bùbá àǹkárá lásán tí fọ́tò sọ di ohun tí gbogbo èèyàn ń béèrè iye rẹ̀. Ìgbà tí mo rí i pé owó mi àti orúkọ mi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mo jókòó kọ́ ọ, mo sì ti ń fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dá lé: ojú kì í ṣàdédé rìn nínú fọ́tò. Ẹni tó yà á ló la ọ̀nà fún un, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Iṣẹ́ tiwa tí à ń wò ó ni ká tọ ọ̀nà náà, ká sì sọ bóyá ó gbé wa dé ìdí aṣọ tàbí inú igbó ló já sí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pa ẹnu mọ́ ná

Ẹ gbé fọ́tò síwájú yín, ẹ má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ kọ́kọ́ wò ó ní kékeré, bó ṣe máa ń rí kí a tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí i. Ẹ di ojú, ẹ là á, kí ẹ kíyè sí ibi tí ó kọ́kọ́ bà lé. Mi ò bi yín nípa ibi tó yẹ kó bà lé o. Ibi tó bà lé gan-an ni mò ń béèrè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún kọ ibi kejì tó lọ, àti ibi kẹta.

Àwọn nǹkan kan wà tó máa ń fa ojú bí oyin ṣe ń fa èèrà: ojú èèyàn, ibi tó mọ́lẹ̀ jù, ibi tí funfun àti dúdú ti pàdé, àwọ̀ tó dá yàtọ̀, àti lẹ́tà èyíkéyìí tí a lè kà. Bí oníbàárà yín bá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ "OMI TÚTÙ WÀ" sí ara ògiri rẹ̀, ẹni tó ń wo fọ́tò á ti ka omi tútù tán kó tó rí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn agbádá.

Bí ẹni tó wà nínú fọ́tò bá jẹ́ ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ìfẹ́ yẹn kò ní jẹ́ kí ẹ ríran. Ẹ dorí fọ́tò náà kodò. Lójú ẹsẹ̀, "àbúrò mi" á pòórá, àwọ̀ àti ìlà àti ìmọ́lẹ̀ nìkan ni yóò kù. Tàbí kí ẹ fún ojú pọ̀ bíi ti ẹni tí oòrùn ń pa: ohun wẹ́wẹ́ á parẹ́, ohun tó wúwo jù nínú fọ́tò náà á sì dúró. Bí ohun tó dúró bá jẹ́ àga rọ́bà funfun tó wà lẹ́yìn, ẹ ti rí iṣẹ́ ṣe nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: kí ni wọ́n ya fọ́tò náà fún?

Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo fọ́tò kọ́ ló wá kí aṣọ. Fọ́tò tí ọmọ fi ń rántí ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ pé àádọ́rin ọdún, ojú ìyá náà ló ni ín. Bí ìró bá ká díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó ká. Fọ́tò tí èmi fẹ́ fi ta ìró, ìró ló ni ín. Fọ́tò ìwé oge lè má fẹ́ ta nǹkan kan, ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ kí a mọ irú ẹni tó máa wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ìwọ̀n epo wọn gàrí.

J.D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní 1968. Kó tó kú ní 2014, fọ́tò irun tó yà ti sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Nínú púpọ̀ wọn, ẹ ò ní rí ojú obìnrin náà rárá. Ẹ̀yìn orí lẹ ó rí, kò sì sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀ tó lè bá irun náà du ojú yín. Ẹni tó bá ní "kí ló dé tí kò jẹ́ ká rí ojú ẹ̀", onítọ̀hún ò tíì béèrè ohun tí wọ́n ya fọ́tò náà fún. Irun ni. Ẹ̀yìn ọrùn sì ni kòlẹ́sẹ̀ ń parí sí, kì í ṣe iwájú orí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ rìn yí etí rẹ̀ ká

Ibí ni mo ti máa pẹ́ díẹ̀, torí ibí ni mo ti gbọgbẹ́.

Mo rán ìró àti bùbá sányán fún ìyá ìyàwó kan, pẹ̀lú ìpèlé. Ìgbéyàwó náà wáyé ní Ìkẹ́nnẹ́. Ní ìṣẹ́tí ìró náà, mo fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣe iṣẹ́ kan tó yí i ká, ìlà mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn bí ìgbì omi. Ẹni tó ya fọ́tò mọ iṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dára, ẹ̀rín ìyá náà sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ó gé e ní ọrùn ẹsẹ̀. Ìlà òwú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sí ìta fọ́tò. Ó tún gé ọwọ́ ọ̀tún ní ọrùn ọwọ́, débi pé ó dà bíi pé apá bùbá kò parí. Lókè orí ìyá náà ẹ̀wẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta fọ́tò: ògiri lásán. Oníbàárà kan ní Kánádà rí i, ó ní, "Àǹtí, ṣé ìró yẹn dé ilẹ̀ ni àbí ó mọ ní ojúgun?" Mi ò ní fọ́tò kankan tí mo lè fi dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ yẹn, etí ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bí mo ṣe máa ń fi ìka tọ ìṣẹ́tí aṣọ kí n tó gbé e jáde fún oníbàárà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè lápá òsì, ẹ rìn yí i ká dé ibi tí ẹ ti gbéra. Kí ni etí náà gé? Ṣé ó fi gèlè sílẹ̀ pátá, àbí ó bù ú jẹ? Ṣé ọwọ́ ẹlòmíràn yọ wọlé? Ṣé àyè tó ṣófo wà níbi tí a kò nílò rẹ̀, tí ibi tí a nílò rẹ̀ sì há?

Lórí gígé ara, ohun tí àwọn onífọ́tò máa ń sọ ni pé kí a má gé èèyàn lójú oríkèé: ọrùn ọwọ́, ìgúnpá, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀. Tí ó bá jẹ́ oríkèé ni etí fọ́tò bọ́ sí, ojú á máa rò pé ara náà parí síbẹ̀. Àárín itan ṣeé gé, àárín ìgúnpá àti èjìká náà ṣeé gé. Èmi fi tèmi kún un: ẹ má gé aṣọ níbi tí iṣẹ́ télọ̀ ti parí. Ìṣẹ́tí, ẹnu apá, etí gèlè. Ẹ fi odindi rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ẹ gé e jìnnà sí ibẹ̀ débi tí a ó fi mọ̀ pé ẹ mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni.

Mímọ̀-ọ́n-mọ̀ gé ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹ rò ó wò: aṣọ ọlọ́nà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, irú èyí tí àwọn Òṣùgbó máa ń gbé lé èjìká, tí òwú rẹ̀ yọ ṣákiṣàki. Bí onífọ́tò bá sún mọ́ ọn débi tí kò fi sí orí, tí kò fi sí ẹsẹ̀, tó jẹ́ èjìká àti òwú nìkan la rí, mi ò ní sọ pé ó gé èèyàn. Màá ní ó gbé wa dé ibi tí ọwọ́ ahunṣọ wà.

Ohun kan tún wà tí kì í ṣe ẹ̀bi onífọ́tò nígbà mìíràn. Fọ́tò tí kámẹ́rà ńlá yà sábà máa ń wá ní ìwọ̀n 3:2 (ẹ̀gbẹ́ gígùn mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjì). Bí ẹ bá yà á lóòró, tí ẹ wá sọ ọ́ di 4:5 (ìbú mẹ́rin, gíga márùn-ún) fún Instagram, ìdá kan nínú mẹ́fà gíga rẹ̀ ti lọ. Ibẹ̀ ni bàtà àti ṣóńṣó gèlè máa ń bá lọ. Nítorí náà kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ béèrè odindi fọ́tò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí ló wà lẹ́yìn?

Òpó iná tó hù láti inú gèlè, wáyà tó gba ọrùn kọjá, igi kánópì tó dúró bí ìwo lórí bàbá àgbàlagbà. Gbogbo wa ti rí i. Ìgbésẹ̀ kan sí ọ̀tún ì bá ti yanjú rẹ̀.

Èyí tó le ju ìyẹn lọ ni àwọ̀. Ilẹ̀ wa pupa, páànù òkè ilé wa ti dógùn-ún, ọ̀pọ̀ ògiri àtijọ́ wa sì jẹ́ amọ̀. Ẹ gbé sányán dúró síwájú ògiri amọ̀, á rì sínú rẹ̀. Ojú àti ọwọ́ nìkan lẹ ó rí. Ẹ gbé àlàárì sórí ilẹ̀ pupa, ìṣẹ́tí rẹ̀ á ṣòro láti mọ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ẹtù lábẹ́ òjìji ìyẹ̀wù á di ihò dúdú. Bí ẹ bá ń wo fọ́tò aṣọ òkè, ẹ bi ara yín: ṣé mo lè fi ìka tọ etí aṣọ yìí láti èjìká dé ilẹ̀ láìsọnù? Bí ìka yín bá sọnù níbì kan, ẹ sọ ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ mọ́ lóló nígbà gbogbo. Seydou Keïta, onífọ́tò ọmọ Mali, ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní Bamako ní 1948, aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ fi ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Aṣọ ọlọ́nà lẹ́yìn, aṣọ ọlọ́nà lára obìnrin tó jókòó. Ó yẹ kí ó dàrú, kò sì dàrú. Ara dúdú àti ojú tó tutù ni kò ní ọnà nínú fọ́tò náà, ibẹ̀ lojú ti ń sinmi kó tó padà lọ sínú aṣọ. Mo máa ń fi fọ́tò rẹ̀ han àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kí wọ́n má baà sọ òfin di òrìṣà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: níbo ni kámẹ́rà dúró?

Ẹ gbìyànjú láti mọ bóyá ẹni tó yà á nàró, ó bẹ̀rẹ̀, tàbí ó gun nǹkan. Kámẹ́rà tó dúró lókè á sọ ẹsẹ̀ di kékeré, á sì sọ orí di ńlá. Èyí tó wà ní ìbàdí á jẹ́ kí agbádá ṣubú bó ṣe yẹ, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ sì ga.

Ní 2024, fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba tàn kálẹ̀ ayé: dígí dúdú lójú, sìgá, fínfín tó yọ ní apá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló yà á lọ́jọ́ náà. Ẹ kó mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ, kí ẹ tò wọ́n síra. Ọkùnrin kan náà ni, aṣọ kan náà, ẹṣin kan náà, àmọ́ wọn ò rí bákan náà. Níbi tí kámẹ́rà bá ti lọ sílẹ̀, fìlà á bọ́ sójú ọ̀run, òun nìkan á dá dúró. Níbi tí ó bá ti wà lókè díẹ̀, orí àwọn èrò á wọnú aṣọ rẹ̀. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ kí ẹ rí ọkùnrin náà, èyí tó jẹ́ kí ẹ rí aṣọ, àti èyí tó jẹ́ kí ẹ rí ọjọ́ náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wúlò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Ní ti fóònù, lẹ́ńsì tó kọ́kọ́ ń ṣí máa ń rí ibi tó gbòòrò. Ẹni tó bá sún mọ́ èèyàn jù pẹ̀lú rẹ̀, ohun tó wà nítòsí á wú: ọwọ́ tó nà síwájú á tóbi bí abẹ̀bẹ̀, imú á yọ. Kí ó sún sẹ́yìn bí ìgbésẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó tẹ 2x. Bí ẹ bá rí i pé ìbàdí tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yín di gbẹ̀ǹgbẹ̀ nínú fọ́tò, ibi tí kámẹ́rà dúró ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe aṣọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìlà àti àyè

Ẹ ti gbọ́ pé kí a pín fọ́tò sí mẹ́ta lóòró, mẹ́ta ní ìbú, kí a gbé ohun pàtàkì sí ibi tí ìlà ti pàdé. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. John Thomas Smith, ayàwòrán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ní 1797, nípa àwòrán oko àti ìgbèríko tí wọ́n ń fi ọwọ́ kùn. Ó wúlò fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi dá fọ́tò lẹ́bi. Agbádá tó tẹ́ apá méjèèjì sílẹ̀ lè fẹ́ àárín gbùngbùn, torí bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe gé e.

Ìlà tí ó kàn wá jù ni èyí tó wà lára aṣọ. Aṣọ òkè kún fún ìlà. Bí èèyàn bá dúró gbọnrangandan, ìlà á lọ sókè sódò, ojú á yára jáde lókè. Bí ó bá yí ìbàdí díẹ̀, ìlà á tẹ̀, ojú á sì pẹ́ lórí aṣọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1955, Richard Avedon, onífọ́tò oge ọmọ Amẹ́ríkà, ya Dovima, obìnrin kan tó ń fi aṣọ oge hàn, láàárín àwọn erin ní ilé eré Cirque d'Hiver ní Paris. Kaba dúdú láti ilé aṣọ Dior ló wọ̀, ọ̀já funfun gígùn kan wálẹ̀ láti ìbàdí rẹ̀. Ọwọ́ kan lọ sókè, ọwọ́ kejì lọ sílẹ̀, awọ erin tó hun jọ wá jẹ́ kí aṣọ náà dán ju ara rẹ̀ lọ. Gbogbo ayé gbà pé fọ́tò ńlá ni. Avedon fúnra rẹ̀ ní lójú òun kò yọrí sí rere, torí òun kò jẹ́ kí ọ̀já funfun yẹn fẹ́ jáde sí apá òsì láti parí ìlà fọ́tò náà. Ẹ wo bó ṣe sọ ọ́. Kò dúró sórí "kò dára" nìkan. Ó fi ìka tọ́ ibì kan ṣoṣo, ó sì sọ ohun tí ibẹ̀ yẹ kó ṣe.

Ìmọ́lẹ̀ kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. Oòrùn ọ̀sán máa ń wá láti òkè, fìlà àti gèlè á sì ju òjìji sójú. Òjìji náà ní ìrísí, ó sì ń gba àyè nínú fọ́tò bí aṣọ ṣe ń gbà á. Ẹ kà á mọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Ní ti fọ́tò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, níbi tí ogún èèyàn wọ aṣọ kan náà, ẹ wo àlàfo tó wà láàárín orí sí orí. Bí gbogbo orí bá wà lójú ìlà kan, tí àlàfo sì dọ́gba, ojú á gbá a kọjá bí ọgbà onígi. Kí àwọn kan jókòó, kí àwọn kan dúró, kí èjìká bo èjìká.

Ìgbésẹ̀ keje: báwo ni kí a ṣe sọ ọ́?

Gbólóhùn mẹ́ta ni mo máa ń ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sọ. Àkọ́kọ́, ohun tí mo rí. Ìkejì, ohun tó ṣe sí ojú mi. Ìkẹta, ohun tí mo rò pé a lè gbìyànjú. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkẹta. Ẹ sì jẹ́ kí ohun kan tó dára wà nínú ohun tí ẹ sọ, kó jẹ́ òótọ́, kó sì ní ibi tó wà: "bí ìpèlé ṣe ṣẹ́ lórí èjìká yẹn gbé ojú mi lọ sí ọwọ́" ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ. Bí onífọ́tò bá jù yín lọ lọ́jọ́ orí, ẹ fi ìbéèrè ṣáájú. Bí ọmọ kékeré bá sì ni, ẹ ṣì fi ìbéèrè ṣáájú.

Bí ẹ bá fẹ́ fi dánra wò, ẹ mú fọ́tò mẹ́wàá láti Ojúde Ọba tàbí láti ìgbéyàwó kan, márùn-ún tí ẹ fẹ́ràn, márùn-ún tí ẹ ò fẹ́ràn, kí ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta yìí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún wò wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ó dá mi lójú pé ẹ ó gbé ọ̀kan tàbí méjì kúrò ní apá kan sí èkejì.

Ọmọkùnrin kan láti Ṣágámù ló ń ya fọ́tò fún mi báyìí. Ìgbà tó kọ́kọ́ gbé fọ́tò agbádá ẹtù kan wá, ó ní, "Mọ́mì, báwo lẹ ṣe rí i?"

Mo ní, "Ìwọ ná. Kí lo fẹ́ kí n kọ́kọ́ rí?"

"Ọrùn agbádá ni, mà."

"Gíláàsì ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn èjìká rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, torí oòrùn kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú. Ọrùn agbádá ló kẹ́yìn, ó sì dùn mí, torí o jẹ́ kí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn hàn débi pé mo lè ka òwú rẹ̀."

Ó gba fóònù padà, ó wò ó títí. "Mo rí i, mà. Mi ò kíyè sí gíláàsì yẹn rárá."

"Tó o bá rìn ìgbésẹ̀ kan sí òsì ńkọ́?"

"Èjìká ẹ̀ á bò ó."

Ó padà lọ yà á lọ́jọ́ kejì. Nínú èyí, ojú mi bọ́ sí ọrùn agbádá, ó tọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wálẹ̀ dé àpò àyà, ó gba apá lọ sí ọwọ́, ó sì tún gòkè padà. Òjìji fìlà ló kù díẹ̀ tó bo ojú òsì. Mo sọ ìyẹn náà fún un.